Ariwo ni, àbí ohùn? Lórí orúkọ tí a ó fún dídún ẹ́ńjìnnì

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa fi kọ̀wé nípa mọ́tò, ẹ̀gbọ́n wa láti Oǹdó dábàá pé kí á máa pe gbogbo dídún tí ẹ́ńjìnnì bá dún ní "ariwo ẹ́ńjìnnì", kí á wá pín in sí ariwo rere àti ariwo búburú. Wọ́n ní ohun tó bá ní ọ̀nà ọ̀fun nìkan ló ń ní ohùn, irin kò sì ní ọ̀fun. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "ariwo" ti dájọ́ kí ẹlẹ́jọ́ tó dé. Ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pariwo, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ti yà sí ọ̀nà ilé nìyẹn. Kò sí "rere" tí a lè so mọ́ ọn tí yóò tún un ṣe. Ní ti ọ̀fun, dùndún kò ní ọ̀kan, síbẹ̀ ohùn ìlù la máa ń wí.

Lóṣù tó kọjá, mo tẹ̀lé àbúrò mi lọ wo tòkunbọ̀ kan lọ́nà Ìlẹ̀sà, níbí ní Àkúrẹ́. Golf GTI ni, ìran kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn kékeré tó yára, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn ń ṣí sókè. Mẹkáníìkì tí a mú dání kò tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ́ ọwọ́ lé e, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó ti gbóná. Wọ́n ti tan án kí á tó dé. Ẹ jẹ́ ká padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀ nígbà tó bá tutù." Ohùn ló pè é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

A padà lọ láàárọ̀. Wọ́n ṣáná sí i. Fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó ró woroworo bí ìgbà tí èèyàn gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ló wá ń kùn jẹ́jẹ́. Mẹkáníìkì ní ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èyí tó ń mú kí fááfù máa ṣí, kí ó sì máa padé lásìkò, ti dẹ̀. Agbára ọ́ìlì ni ohun tó ń fa ṣéènì náà le fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti ṣàn kúrò níbẹ̀, ìró yẹn á sì jáde títí ọ́ìlì á fi padà dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, bí ṣéènì bá fò, fááfù àti písítìnnì á kọlu ara wọn, ó parí. Àbúrò mi kò rà á.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó wà nínú ìtàn kékeré yẹn: ó ró, ó kùn. Ariwo á pa méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí "ohùn" jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì lódindi, kí "ìró" jẹ́ ti ẹ̀yà kan tó ń kan òmíràn, kí á sì fi "ariwo" sílẹ̀ fún ìgbà tí sáílẹ́ńsà bá lu.

Arábìnrin kan ń bẹ̀rù pé kíkùn á jọ kíkún. Àmì ohùn ló máa yanjú ìyẹn. Oyin ń kùn, a kò fi í pe ohun tó kún rí.

Ibi tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti èdè wa. Bí ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná ń ṣẹ́ nínú rẹ̀ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Onípúlọ́ọ̀gì mẹ́ta á ṣe 75. Ford Focus ST àtijọ́, tó gbé ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì márùn-ún ti Volvo, á ṣe 125. Láti 100 sí 125, ìrìn tó wà láàárín dò àti mí nínú orin gan-an nìyẹn. Honda Civic Type R ti ọdún 2001 ní tirẹ̀ á máa kùn lọ, àfi bó bá ń sún mọ́ ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan tí ohùn rẹ̀ á yí padà lójijì, tí á sì han gooro. Híhan ni kí á pe ìyẹn. Bíbú ramúramù kò bá a mu. Ohùn tó wúwo nísàlẹ̀ ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má túmọ̀ sí kíkan ilẹ̀kùn: nọ́kì. Lẹ́nu òyìnbó tó ni ín, dídún ni. Lẹ́nu tiwa, ikú ni. "Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti nọ́kì" túmọ̀ sí pé kó lọ wá òmíràn. Ẹni tó bá fi nọ́kì túmọ̀ ìwé àtúnṣe mọ́tò lè mú kí olówó ọkọ̀ ta ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe ju pé epo rẹ̀ kò dára lọ. Dídún méjì ni wọ́n kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Èyí tó fúyẹ́, tó ń dún kín-ín kín-ín bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, epo tí iná púlọ́ọ̀gì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dá ta fúnra rẹ̀. Mo dábàá "ìdáta" fún un. Èyí tó wúwo, gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀, tó ń yára bí ẹ bá ṣe ń tẹ tọ́tù, bíárìn, irin tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀, ló ń kàn. Ẹ jẹ́ kí á kúkú sọ bẹ́ẹ̀: bíárìn ń kàn.

Èyí tí n kò tíì rí orúkọ fún ni bíbú kéékèèké tó máa ń jáde nídìí sáílẹ́ńsà bí awakọ̀ bá yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù lójijì. Ẹ̀yin ará Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ tí ẹ dàgbà sẹ́bàá ọ̀nà tí agbégilódò ń gbà, tí ẹ mọ ìgbà tó ń kérora àti ìgbà tó ń tutọ́ iná, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn nílé yín? Bó bá tilẹ̀ fi u bẹ̀rẹ̀ bí ulé tí ẹ ń pe ilé, ẹ má yí i padà, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń pè é.