Ìbàdàn ni àbí Abẹ́òkúta? A fẹ́ kó kúrò ní Èkó

Ìyá Ire:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Owó ilé wa ní Ògbà ti kọjá agbára wa, a fẹ́ kó kúrò ní Èkó. Ọ́fíìsì ọkọ mi wà ní Ìkẹjà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ yọjú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Èmi ń ránṣọ. Ọmọ kan wà ní SS 2, èkejì wà ní Praimárì 3. Ìbàdàn lọkàn mi fà sí, Abẹ́òkúta lọkọ mi ń wí. Èwo ni ká mú, kí ni ká sì wò ká tó sanwó?

Bàbá Àyọ̀:
Ìyá Ire, ẹ má tíì mú ìlú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àlọ àtàbọ̀ 104 nìyẹn lọ́dún. Bí ọ̀nà ìlú kan bá fi 5,000 náírà wọ́n ju ti èkejì lọ ní àlọ àtàbọ̀ kan ṣoṣo, ọdún á yí po, 520,000 náírà á ti lọ. Owó yẹn ni kí ẹ fi kún owó ilé kí ẹ tó sọ pé ibì kan pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè: láti Mọ́níyà n'Ìbàdàn ló ti ń gbéra, á gba Abẹ́òkúta, á dúró ní Agége, kó tó parí sí Alágoméjì ní Yaba. Kìlómítà 157 ni gbogbo rẹ̀. Agége ni ẹni tó ń lọ Ìkẹjà ti ń sọ̀. Ó rọrùn, kò sí gósílóò, ṣùgbọ́n aago ìgbéra rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọkọ̀ tó gbéra ní Mọ́níyà ní aago mẹ́jọ kò lè gbé èèyàn dé ọ́fíìsì ní mẹ́sàn-án. Ẹ fi rélùwéè sí ìpadàbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí àárọ̀ jẹ́ ti títì.

Ní títì, Abẹ́òkúta ní ọ̀nà méjì. Èyí tó gba Ìfọ̀ àti Sàǹgó kúrú lójú máàpù, ṣùgbọ́n kòtò àti gósílóò Sàǹgó ló ń jẹ wákàtí èèyàn. Èyí tó gba Síun já sí Ṣàgámù gùn, òun ló sì máa ń yá jù, torí ó bọ́ sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ní gáréèjì Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, ẹ bi dírẹ́bà léèrè ọ̀nà tó ń gbà kí ẹ tó wọlé. Nítorí aago mẹ́sàn-án yẹn, mo gbè sẹ́yìn ọkọ yín.

Àǹtí Bọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá náà ń pawó wọlé. Ìbàdàn tóbi ju Abẹ́òkúta lọ dáadáa, oníbàárà pọ̀, ọjà Gbági sì wà níbẹ̀ fún aṣọ, fún òwú àti bọ́tìnnì. Abẹ́òkúta ní ọjà Ìtòkú fún àdìrẹ, èyí wúlò gan-an bó bá jẹ́ àdìrẹ lẹ ń rán jù.

Ìyá Ire, bó bá jẹ́ Ìbàdàn, apá tó kọjú sí Èkó ni kí ẹ gbé: Challenge, Olúyọ̀lé, àti àdúgbò ẹ̀bá Toll Gate àtijọ́. Bí ẹ bá lọ gba ilé ní Mọ́níyà nítorí rélùwéè, ọkọ yín á kọ́kọ́ la gbogbo Ìbàdàn já ní ọjọ́ tó bá fẹ́ gba títì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe nìyẹn: wọ́n mú ìlú tó dáa, wọ́n wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀.

Alàgbà Káyọ̀dé:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé fúnra rẹ̀. Ẹ lọ wò ó ní wákàtí kan lẹ́yìn òjò, kì í ṣe lọ́sàn-án Sátidé tí oòrùn ń ràn. Lánlọ́ọ̀dù á ti kun ilé tirẹ̀, nítorí náà ògiri aládùúgbò ni kí ẹ wò. Bí omi bá ti wọ ibẹ̀ rí, ẹ ó rí ìlà kan tó dúdú díẹ̀, tó gún bí ẹni fi rúlà fà á, tó lọ yí ká láti ògiri dé ẹnu géètì. Nínú ilé, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣíìnì, kí ẹ fi èékánná họ pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá rọ̀ tó ń ya, omi ti jókòó níbẹ̀. Bí wọ́n bá lu ihò sí ìdí fẹ́ǹsì, ẹ béèrè omi tí wọ́n ń là á fún.

N'Ìbàdàn, ẹ sá fún etí Odò Ọ̀nà àti Ògùnpa. Ìkún omi oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ò tíì kúrò lọ́kàn ará ibẹ̀. L'Abẹ́òkúta, Odò Ògùn ni, pàápàá bí wọ́n bá ṣí ìdídò Ọ̀yán.

Ilẹ̀ àpáta ni ìlú méjèèjì. Omi inú àpáta kò sí níbi gbogbo, ó lè wà lábẹ́ ilé kan kó má sí lábẹ́ èkejì. Ẹ bi ayálégbé, ẹ má bi ajẹ́ǹtì: "Ní oṣù Kejì àti Ìkẹta, níbo lẹ ti ń pọnmi?"

Jídé Oníná:
Ní ti iná, iléeṣẹ́ kan náà, IBEDC, ló ń pín in fún ìlú méjèèjì, torí náà àdúgbò ni kí ẹ fi wéra. Band A ni wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B ni 16, C ni 12. Iná A wọ́n gan-an o. Ẹ̀rọ ìránṣọ kékeré kì í jẹ iná púpọ̀, nǹkan bíi wátì 100. Áyọ́ọ̀nù ni ọ̀tá yín: èyí tó jẹ́ wátì 1,000 á jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan. Fún iṣẹ́ yín, B tó dúró ire sàn ju A tí owó rẹ̀ á máa dà yín láàmú.

Ẹ gba rìsíìtì ríṣáàjì mẹ́ta tó kẹ́yìn lórí mítà náà. Bí yúnìtì tó wọlé bá kéré sí owó tí wọ́n san, gbèsè lè wà lórí mítà yẹn.

Ìyá Ire:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Ọmọ tó wà ní SS 2 ńkọ́?

Àǹtí Bọ́lá:
Kó parí táàmù kẹta, kí ẹ kó ní oṣù Kẹjọ, kó bẹ̀rẹ̀ SS 3 níbẹ̀. Bí ilé ìwé bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC, ẹ má tún kó o kúrò. Ẹ gba èsì ìdánwò SS 1 àti SS 2 pẹ̀lú òǹtẹ̀, torí ilé ìwé tuntun á nílò máàkì wọ̀nyẹn. Kí ọkọ yín sì fún ọ́fíìsì ní àdírẹ́sì tuntun: ìpínlẹ̀ téèyàn ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń lọ.

Alàgbà Káyọ̀dé:
Bí ẹ bá ń kó ẹrù, ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ, kí ẹ tú orí rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kí ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dì í. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ gbé e sí itan nínú ọkọ̀.