Egbò tí kò jinná, ibà tí kò lọ: ẹ wá sọ èyí tí ojú yín rí

Ìyá Àwẹ̀ró, Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Àbúrò ọkọ mi gba ọ̀nà Agadez lọ sí Líbíà, ojú rẹ̀ rí màbo kó tó padà wálé. Egbò wà lápá rẹ̀ nígbà tó dé, ọ̀kan sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Etí egbò náà ga yíká, àárín jin, èépá bò ó. Kò sì dùn ún, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìtọ̀ ṣúgà ni, kò sí. Kẹ́mísì kan ní Sábó da ampiclox sí i títí, ó kàn ń gbẹ lókè ni. Ìyá ọkọ mi ní obìnrin kan ló fi nǹkan ṣe é lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń wá babaláwo kiri.

Dókítà àgbàlagbà kan ló bi í pé níbo ló ń sùn ní Líbíà. Ó ní ìta ni, lórí ilẹ̀, lágbègbè Gharyan, torí ooru. Bàbá náà ní kí wọ́n ha etí egbò yẹn, kì í ṣe àárín, kí wọ́n gbé e lọ sí láàbù. Bí mo ṣe gbọ́ leishmaniasis nìyẹn. Wọ́n ní kòkòrò kan tó kéré ju ẹ̀fọn lọ ló gbé e láti ara eku aṣálẹ̀. Ta ló tún ti rí irú rẹ̀?

Aláàbù Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Àwẹ̀ró. Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ èyí tí mo rí kì í ṣe ti awọ ara. Sudan ni mo ti kọ́ṣẹ́ láàbù kí ogun 2023 tó lé wa wálé (ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ ẹ mọ̀ pé a pọ̀ níbẹ̀). Wọ́n rán wa lọ sí Gedaref, lápá ìlà-oòrùn. Kala-azar ni wọ́n ń pe tibẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀, ọlọ inú àti mùdùnmúdùn eegun ló ń wọ̀. Ibà á mú ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, á rù kan eegun, ọlọ inú á wú títí ikùn á fi yọ síta. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, nínú ènìyàn 100, ó lé ní 95 tó ń bá a lọ. Ọmọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ gbé kọ́rùn wá láti oko ọkà bàbà, gbogbo oògùn ibà tó wà lọ́jà ni wọ́n ti fún un lò tán.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á là débi pé ọwọ́ ẹni á wọ inú rẹ̀. Inú àwọn ihò yẹn àti ìdí igi ẹlẹ́gùn-ún ni kòkòrò náà ń sá sí lọ́sàn-án. Láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí ló ń jẹ ènìyàn, kì í sì í kùn. Ihò nẹ́ẹ̀tì lásán kò dí i lọ́wọ́, àfi èyí tí wọ́n bá rẹ sínú oògùn.

Nínú láàbù, a ó fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú kókó tó wú lọ́rùn aláìsàn, a ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a ó fi Giemsa, aró láàbù, kùn ún. Ohun tí dókítà méjì, Leishman àti Donovan, kọ jáde ní 1903 náà lẹ máa rí: nǹkan ribiti kéékèèké, àmì méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan rí tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa á ní, “Bí o ò bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, má kọ ọ́.” Tí a bá wá gbìn ín sínú ẹ̀jẹ̀ ehoro, á yọ ìrù, á bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́. Mo lè jókòó ti máíkírósíkóòpù yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Pépà àyẹ̀wò rK39, tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí láti mọ kala-azar, ló ń bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ nínú. Ní Íńdíà, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ó ń fo àwọn aláìsàn kan dá, nítorí náà wọ́n ní láti fi àyẹ̀wò mìíràn tì í. Abẹ́rẹ́ oríṣi méjì ni wọ́n ń gún lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 17. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ara bá ti yá, ọ̀pọ̀ ará Sudan ló ń padà wá pẹ̀lú nǹkan tó sú bo ojú wọn. Kò dùn wọ́n, wọn kì í fẹ́ gba ìtọ́jú mọ́, bẹ́ẹ̀ kòkòrò yẹn lè mu ún lára wọn kó gbé e fún ẹlòmíràn. Bí èmi bá ní owó ìwádìí lọ́wọ́, ibẹ̀ ni n bá ná an sí.

Ọmọ Àgbádárìgì

Bùrúlì, egbò kan tí bakitéríà ń fà, ni tiwa o. Kókó kan yọ lórúnkún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò dùn ún, ìyá rẹ̀ ní eéwo ni. Ìgbà tó bẹ́, ó ti jẹ wọlé. Pọ́bẹ̀, lápá Bẹ̀nẹ̀, la gbé e lọ. Yorùbá ni wọ́n ń bá wa sọ, ẹ má bẹ̀rù Faransé. Rifampicin àti clarithromycin ló lò fún ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ̀gbọ́n Aláàbù, báwo lẹ ṣe ń dá méjèèjì mọ̀?

Aláàbù Ẹ̀pẹ́

Etí ti Bùrúlì ṣófo lábẹ́, ti leishmania ga bí etí àwo. Àmọ́ ojú nìkan kò tó, láàbù ló ń parí ẹjọ́.

Ìyá Àwẹ̀ró, Ìkòròdú

Ṣé ti àbúrò ọkọ mi yìí kì í ran ọmọ? Òun àtàwọn ọmọ jọ ń lo tówẹ̀ẹ̀lì.

Aláàbù Ẹ̀pẹ́

Rárá, mà. Tówẹ̀ẹ̀lì kì í gbé e, ẹ̀fọn náà kì í gbé e. Oríṣi tó ń ti ara eku aṣálẹ̀ wá sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, àpá ló máa ń fi sílẹ̀. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ni kí ẹ tètè bi dókítà bóyá wọ́n á gún abẹ́rẹ́ sí etí egbò náà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ra stibogluconate, oògùn abẹ́rẹ́ àìsàn yìí, fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì o, ó ń da ọkàn láàmú.