Ọ̀gá ní kí n sáìn fún sìmẹ́ńtì tí ò wọlé, kí ni kí onígbàgbọ́ ṣe?

Sìtókípà_Ìbàdàn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Èmi ni sìtókípà ní kọ́ńpìnnì kan tó ń kọ́lé, ọjà tó bá wọ sáìtì èmi ni mo máa ń kà á kí n tó sáìn sí waybill, ìwé tó ń bá ọjà wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tírélà kan já sìmẹ́ńtì, mo kà á, 450 àpò, mo tún un kà, 450 náà ni, àmọ́ 600 ló wà nínú ìwé, dẹ̀rẹ́bà kàn ń wò mí lójú ó ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá máníjà, ó ní "pásítọ̀, sáìn jàre, gbogbo wa la máa jẹ níbẹ̀." Mi ò tíì sáìn. Àtìgbà yẹn wọn ò dá mi lóhùn mọ́, mo sì ń gbọ́ pé wọ́n ti ń wá ẹlòmíì. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje, owó ilé náà máa tó pé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní kí n gbé àgbélébùú mi. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

ỌmọAládùúrà:
Bọ̀dá, ẹ má sáìn o! Àpọ́sítélì Babalọlá ti CAC, ṣebí ìjọba ló ń bá ṣiṣẹ́, ní PWD, àwọn tó ń ṣe títì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ìpè dé ní 1928. Iṣẹ́ ìjọba láyé òyìnbó, ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́. Ó fi í sílẹ̀, ó gbé agogo, ó ń wàásù kiri, àwọn èèyàn ní orí ẹ̀ ti dàrú. 1930 ni ìsọjí Òkè-Ooyè bẹ́ sílẹ̀ n'Iléṣà, síbẹ̀ ní 1932 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ẹ lọ gbààwẹ̀.

Má_Bínú_Sí_Mi:
Ẹni tó yó ló ń ní kí ẹlòmíì gbààwẹ̀. Owó irú sìmẹ́ńtì yẹn náà làwọn kan fi ń dá ìdámẹ́wàá, pásítọ̀ á sì ní kí wọ́n bọ́ síwájú ká gbàdúrà fún wọn. Mi ò ní kó jalè o, mo kàn ní kẹ́ ẹ yéé fi Babalọlá halẹ̀ mọ́ ọn. Jésù fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Lúùkù 14:28, ẹni tó fẹ́ kọ́lé ìṣọ́ á kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó.

Ìyá_Ìbejì:
Ọmọ mi, ìyàwó ẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́? Mi ò rí i nínú ohun tó o kọ. Láyé àtijọ́ ìjọ CMS, àwọn Áńgílíkà, ò ní ṣèrìbọmi fún ọkùnrin oníyàwó púpọ̀, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn ní Lambeth nílùú òyìnbó ní 1888 náà fọwọ́ sí i. Báwọn kan ṣe ń dá ìyàwó padà sílé bàbá ẹ̀ nìyẹn kí wọ́n lè rí ìrìbọmi gbà. Ìjọ á yin ọkọ, àmọ́ obìnrin tó di ẹrù ẹ̀ tó fa ọmọ lọ́wọ́ jáde ńkọ́, ta ló bi í léèrè? Ọkọ ló pinnu, obìnrin ló san án. Má sáìn o, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ẹnu ará àdúgbò ló ti máa gbọ́ pé iṣẹ́ ti lọ.

Akáùńtì_Èkó:
Ẹ sáìn, àmọ́ 450 ni kẹ́ ẹ sáìn. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 600 yẹn, déètì, nọ́ńbà mọ́tò, kí dẹ̀rẹ́bà sáìn sí i, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn dákẹ́, ẹlòmíì á sáìn, ọjọ́ tí ọ́dítọ̀ bá dé ẹ̀yin ni wọ́n máa pè torí ẹ̀yin lẹ mú kọ́kọ́rọ́ sìtọ́ọ̀ dání. Wọ́n ṣì lè lé yín o, mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n lé èmi náà níbì kan torí irú ẹ̀, a ta jẹnẹrétọ̀ ilé. Mo fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dúró dìgbà tí iṣẹ́ míì bá dé.

Sìtókípà_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Màmá, mo ti sọ fún un lánàá. Ó bínú pé mo ń dá a rò látọjọ́ yìí, ó wá ní ká má tíì ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Bọ̀dá Akáùńtì, tí dẹ̀rẹ́bà bá kọ̀ tí ò sáìn ńkọ́?

Akáùńtì_Èkó:
Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀, kí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kà á bá yín sáìn. Gétímáànù náà tó.