Bakitéríà tó borí oògùn: kí ni ká máa pè é nínú ìwé ìròyìn?

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tá à ń jà lé lórí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Gwagwalada kọ àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Yorùbá kan l'Ábújá nípa bakitéríà tí oògùn kì í pa mọ́, fún ọ̀sẹ̀ tí àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, 18 sí 24 oṣù kọkànlá. Ó pè é ní "bakitéríà kògbóògùn". Olóòtú yọ "kògbóògùn" kúrò, ó fi "kòkòrò" rọ́pò bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì, ó sì gé "oògùn apakòkòrò àrùn" (irú bí ampicillin) kù sí "apakòkòrò" kí àkọlé lè gba àyè.

Lórí kògbóògùn, ẹ̀yìn olóòtú ni mo wà. Éèdì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ṣeé gbà padà. (Kò tilẹ̀ bá éèdì mu mọ́ látìgbà tí oògùn ti ń jẹ́ kí ẹni tó ní in dàgbà dàrúgbó, àmọ́ ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Àtúnṣe méjì yòókù ló ba iṣẹ́ jẹ́. Apakòkòrò lásán, létí ẹni tó ń ra ẹ̀wà ní ọjà Dawanau ní Kano, oògùn tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà ni. Gbólóhùn tó sọ pé oògùn apakòkòrò àrùn kì í pa fáírọ́ọ̀sì wá di "apakòkòrò kì í pa kòkòrò". Ta ló máa ka ìyẹn tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ohun tó yẹ kí òǹkàwé mú dé kẹ́míìsì ti sọnù: fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, ampicillin kò lè ràn án, bakitéríà tí kò lágbára nínú ìfun ló máa pa, á sì fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó le.

Ẹnì kan dábàá "oògùn ò ràn mọ́". Ó dùn létí, àmọ́ "oògùn yìí ò ràn mí mọ́" ni aláìsàn máa ń wí, tó túmọ̀ sí pé oògùn ti mọ́ òun lára. Bẹ́ẹ̀ bakitéríà ló yí padà, kì í ṣe ara. Òmíràn ní ensáìmù (èròjà tí bakitéríà fúnra rẹ̀ ń ṣe) tó ń ba penicillin jẹ́. Òmíràn ń tu tetracycline síta bó ṣe ń wọlé. Òmíràn yí ibi tí oògùn ń dì mú padà. Wọ́n tún máa ń fi àbùdá yìí lé ara wọn lọ́wọ́. E. coli (bakitéríà inú ìfun) tó bá rí oúnjẹ àti ooru tó tó lè pín sí méjì ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹni tí kò lo oògùn náà rí lè kó bakitéríà bẹ́ẹ̀ lára ẹlòmíràn.

"Agbógunti-oògùn" náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Kò sí ogun níbẹ̀. Èyí tí oògùn ò rí pa ló ń bí sí i.

"Bakitéríà tó borí oògùn" ni mo fara mọ́. Ó kúrú, ó sì sọ ẹni tó ṣe é. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó lè dún bí gbogbo oògùn, torí náà kí orúkọ oògùn tẹ̀lé e ní ìlà àkọ́kọ́: "tó borí ampicillin". Kí olóòtú má ṣe yọ bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì kúrò. Láti 2020 ni rédíò ti fi kòrónáfáírọ́ọ̀sì kọ́ gbogbo ilé. Bí àyè bá há, kó gé ibòmíràn, kó má ṣe yọ "àrùn" kúrò nínú "apakòkòrò àrùn".