"Ìwọ̀n kíkan" kò lè dúró fún pH

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé ní Minnesota ló ní ká bá òun wá àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Bàbá rẹ̀ tó wá bá a gbé ló ń dáná sí iléru ẹ̀yìnkùlé wọn, ó sì fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń yẹ omi inú rẹ̀ wò sílẹ̀ fún bàbá lédè Yorùbá. Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: ó dà bí ahéré kékeré tó ní páìpù èéfín lórí. Igi ni wọ́n ń jó nínú rẹ̀, omi ló sì yí ibi tí iná wà ká. Ẹ̀rọ á fa omi gbígbóná náà gba abẹ́ ilẹ̀ wọnú ilé, kí ilé lè móoru nígbà òtútù. Omi kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá bàjẹ́, inú ni irin á ti máa jẹ, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

"Iléru ìta" tí a ti fẹnu kò sí dáa. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtàn Dáníẹ́lì tí kò mọ iléru.

pH, nọ́ńbà tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó tàbí bó ṣe jìnnà sí kíkan tó, ni ká dúró lé. Ẹ̀gbọ́n kan dábàá "ìwọ̀n kíkan" fún un. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wò, ṣùgbọ́n òdì ni ìṣirò náà ń lọ. Láti ìgbà tí Sørensen, onímọ̀ kẹ́míkà, ti gbé pH kalẹ̀ ní Copenhagen lọ́dún 1909, bí nọ́ńbà bá ṣe ń gòkè ni kíkan ń dínkù. 7 ni àárín. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bí 2, omi tí a yọ́ káún sí a máa kọjá 9. Iléru tí wọ́n fi irin lásán ṣe ń fẹ́ omi tó lé ní 8.

Ẹ fi ojú bàbá yẹn wò ó. Ó ti bébà ìdánwò bọ omi, àwọ̀ rẹ̀ bá 8.5 mu, ìwé sì pè é ní "ìwọ̀n kíkan". Yóò gbà pé omi ti kan bàjẹ́, yóò sì wá nǹkan tí yóò fi pa kíkan náà, bẹ́ẹ̀ omi rẹ̀ dára. Lọ́jọ́ tó bá já sí 6 tí irin ti ń jẹ, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láé.

Ṣebí a ní káún nílé. Ẹni tó ń se ilá mọ̀ ọ́n, àwọn aláró tó ń sẹ́ omi eérú fún ẹ̀lú sì mọ ìhà kejì kíkan dunjú. "Òṣùwọ̀n kíkan-dé-káún" ni mo dábàá: kíkan nísàlẹ̀, káún lókè. Ó gùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan la ó kọ ọ́ tán, ká máa wá kọ pH lọ. Kí ìwé náà sì sọ ọ́ kedere pé kí bàbá má da káún ọjà sínú iléru o. Orúkọ nìkan la yá.

"Oògùn omi" tí wọ́n fẹ́ pe èyí tí wọ́n ń dà sí omi iléru kí irin má bàa dípáàrà kò bá mi lára mu. Oògùn eku, eku ló dojú kọ. Oògùn ẹ̀fọn, ẹ̀fọn. Ẹni tó bá gbọ́ "oògùn omi" lè rò pé omi náà ti di mímu. Ìpáàrà ni wọ́n ń lé, kó jẹ́ "oògùn ìpáàrà".

Nitrite, èròjà tó ń dáàbò bo irin tó wà nínú púpọ̀ nínú oògùn yìí, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bó ṣe wà. Ìró kan ṣoṣo ló ya "náítíráìtì" sọ́tọ̀ sí "náítíréètì" (nitrate, èròjà mìíràn), ojú ìwé kan náà ni méjèèjì yóò sì ti pàdé, nítorí kòkòrò àìfojúrí lè sọ nitrite di nitrate nínú omi. Ìdánwò á wá fi hàn pé nitrite ti lọ sílẹ̀, láìsí pé ẹnì kan da omi nù.

Níbi tí ọ̀rẹ́ wa kọ "ìdọ̀tí", gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù kí wọ́n tó bu èyí tí wọn yóò yẹ̀ wò.

Ó ku nǹkan funfun líle tí omi kànga ń fi sílẹ̀ lára irin. "Ìpẹ́" tí ẹnì kan mú wá, ti ẹja nìyẹn. "Èépá" ni mo lò. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tí wọ́n ń pè é níbi tí omi ti ń fi í sí ìdí kẹ́tùrù, kó jọ̀ọ́ kó kọ ọ́ síbí, tiwọn ni ká mú.