Báàgì ẹ̀jẹ̀ kì í kún, àwọn mìíràn sì ń dì: kí ló ń fà á?

Sèyí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Báàgì 450 ml tó ní CPDA-1 (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í tọrẹ. Àwọn kan á dúró sí 350 tàbí 380 ml, kò ní wálẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn á kún, láàbù á sì ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́ náà ń dákú. A ò ní ẹ̀rọ tó ń mi báàgì. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe? Ṣé èyí tí kò kún ṣì wúlò?

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Láti ibi iṣan ni. Ìka ni kí ẹ fi wá a, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú, torí iṣan tó hàn kedere lè tín-ín-rín. Èyí tó wà láàárín inú ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, tó tóbi, tó rọ̀, tó sì ń ta padà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ 16G kì í ṣe kékeré. Ẹ yẹ apá méjèèjì wò kí ẹ tó pinnu.

Ẹ má di apá pinpin. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá lẹ ń lò, 40 sí 60 mmHg ti tó. Bí ẹ bá fún un jù, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè sọ̀kalẹ̀ wọ apá, kí ni yóò wá gba inú iṣan padà?

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró lójijì: ẹ wò ó bóyá rọ́bà ti ká tàbí ìdè rẹ̀ ò tíì ṣí tán. Lẹ́yìn náà ẹ yí abẹ́rẹ́ díẹ̀, torí ẹnu rẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ ara iṣan. Kí olùtọrẹ máa pa ọwọ́ dé, kó máa là á, ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 12 síra wọn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ wá iṣan kiri nínú ẹran o. Tí ibẹ̀ bá ń wú, ẹ tú okùn, ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ dáadáa. Bí olùtọrẹ bá gbà kí ẹ tún gbìyànjú, apá kejì ni, báàgì tuntun sì ni.

Táyọ̀ Láàbù: Ti dídì ni tèmi. Oògùn tó wà nínú báàgì 450 jẹ́ 63 ml, ìyẹn 14 ml fún 100 ml ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ ò bá mi báàgì, ẹ̀jẹ̀ á kàn jókòó lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀. Níwọ̀n tí ẹ ò ti ní ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi ọwọ́ yí i jẹ́ẹ́jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45 síra wọn, kó má fi iṣẹ́ mìíràn kún un.

Báàgì tó kún kọjá ààlà náà ń dì, torí oògùn ò kárí rẹ̀. 405 sí 495 ml ni ààyè tí ẹ ní. Ẹ sì wo aago: tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 12, ẹ má fi ṣe platelet (sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́), tó bá pé 15, ẹ dáwọ́ dúró.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò: ẹ̀jẹ̀ inú rọ́bà ò tíì pàdé oògùn. Tí ẹ bá ti dì í pa, ẹ fún un wọnú báàgì, ẹ yí báàgì, ẹ jẹ́ kó ṣàn padà sínú rọ́bà, ẹ tún un ṣe tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ti 380 ml: bí ìlànà ibùdó yín bá gbà á, ẹ kọ "kò kún" sára rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan ni kí wọ́n yọ níbẹ̀. Oògùn ti pọ̀ jù fún omi ẹ̀jẹ̀ àti platelet rẹ̀.

Sèyí: Ẹ ṣé gan-an. Sìkéèlì gíráàmù la ní. Báwo la ṣe ń mọ mílílítà?

Táyọ̀ Láàbù: Ẹ sọ iye gíráàmù di pípín sí 1.06. 450 ml jẹ́ nǹkan bí 477 g, 405 jẹ́ 429, 495 jẹ́ 525. Ẹ gbé báàgì tí ẹ kò tíì lò, tòun ti oògùn àti àwọn báàgì kéékèèké tó so mọ́ ọn, lé sìkéèlì, kí ẹ dá a padà sí òdo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Kíkẹ́: Kí ẹ tó gún abẹ́rẹ́, ẹ fi ìka tún wá iṣan lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sípíríìtì nù ún, kó má bàa sá mọ́ yín lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Rárá o, àbúrò mi. Bí ìka bá ti kan ibẹ̀, kò mọ́ mọ́, àfi kí ẹ tún un nù. Chlorhexidine (oògùn apakòkòrò) 2% inú sípíríìtì 70%: ẹ fi pa á fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún 30 mìíràn. Ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Kòkòrò inú awọ lè wọ inú báàgì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ fi máa ń lọ sínú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ náà lẹ ó ti gba ti àyẹ̀wò.

Àwọn tó ń dákú ńkọ́? Ẹni tí kò tó 50 kg kò yẹ fún báàgì 450. Láti 45 kg, báàgì 350 ml ni, oògùn tirẹ̀ sì jẹ́ 49 ml, nítorí náà ẹ má fi báàgì 450 gba 350 fún un. Hemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀): 12.5 g/dl fún obìnrin, 13.0 tàbí 13.5 fún ọkùnrin, bí ìlànà yín bá ṣe wí. Kó ti jẹun, kó mu omi tó 500 ml kó tó jókòó. Kó máa fún itan àti ìdí pọ̀, kó máa tú u. Tó bá ń yán léraléra, tí òógùn tútù ń bo iwájú orí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dákẹ́ lójijì, ẹ má dúró de òòyì: ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Gbogbo wọn ni kó sinmi fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí wọ́n tó lọ.

Sèyí: Tí olùtọrẹ bá ní ó ń ta òun dé ìka ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá: Ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, iṣan ìmọ̀lára ló kàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ́n yòò, tó ń fò bí ọkàn ṣe ń lù, tí báàgì sì ń yára kún, iṣan àlọ (èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn) ni: ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán, kí dókítà wò ó.

Táyọ̀ Láàbù: Ẹ lẹ nọ́ńbà kan náà mọ́ báàgì, ìgò àyẹ̀wò àti fọ́ọ̀mù nígbà tí olùtọrẹ ṣì wà lórí àga. Bí nọ́ńbà bá ṣì, àbájáde HIV, mẹ́dọ̀wú B àti C, àti sífílíìsì á lọ bá báàgì ẹlòmíràn. Tí ẹ bá sì ń béèrè orúkọ, ẹ sọ pé "Kí lorúkọ yín?" Ẹ má bi í pé "Ṣé ẹ̀yin ni lágbájá?" Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" láì tíì gbọ́ orúkọ tí ẹ pè.