Ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ: kí ni wọ́n sọ fún yín nílé ìwòsàn?

Agbẹ̀bí Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Agbẹ̀bí ni mí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ṣẹ́ kù sínú ìwọ́ àti ibi ọmọ lẹ́yìn ìbímọ ló gbé mi wá. Àwọn aboyún máa ń mú ìwé pélébé wá bá wa, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká sanwó kí wọ́n bá wa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ yìí?" Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n ń bi ò mọ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé yẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbowó ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣojú mi. Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù wa ń bá tọkọtaya kan sọ̀rọ̀. Ó ní bí àrùn ẹ̀jẹ̀ bá mú ọmọ wọn lọ́la, ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ náà gan-an ni wọ́n máa fi wò ó sàn. Inú wọn dùn, wọ́n fẹ́ fọwọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí dókítà jọ̀ọ́ kó yọjú sí mi. Mo bi í pé, "Dókítà, bí àrùn náà bá jẹ́ àbímọ́, ṣé kò ní sí nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ náà ni?" Ó dákẹ́. A jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Fòníkú-fọ̀ladìde tí ọmọ gbé wáyé, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ìyẹn àwọn tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ rẹ̀ ló ti wà. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé náà, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà lára ọmọ kí wọ́n tó bí i. Dókítà yẹn ò jiyàn. Ó ní nílé ẹ̀kọ́, wọ́n kàn mẹ́nu bà á ni, wọn ò kọ́ àwọn. Ó padà lọ bá tọkọtaya náà, ó sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lójú mi. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an lọ́jọ́ náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan wà tí tiwọn yàtọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, wọ́n á ní ẹ̀tàn ni, kí wọ́n dà á nù. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, dídà á nù kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìdílé kan wà tí ìdáhùn yẹn lè ṣe ní jàǹbá. Ẹ̀yin tó bá kàn, ẹ bá wa sọ tiyín.

Ìyá Ọmọ Méjì

Ẹ ṣeun mà. Ìdílé yẹn ni tiwa.

Àkọ́bí mi ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà tí mo lóyún ìkejì, mo béèrè níbi tí a ti ń ṣàyẹ̀wò oyún. Nọ́ọ̀sì kan ní nǹkan olówó ni, kí n gbọ́kàn kúrò níbẹ̀. Òmíràn ní ká tọ́jú ẹ̀, pé ààbò ni fún ọmọ inú mi. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ó wà nínú fáìlì mi gbangba.

Dókítà tó ń tọ́jú àkọ́bí mi ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó rí ikùn mi, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ètò wo lẹ ti ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ yìí?" Ó ní ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà, ẹyọ kan nínú mẹ́rin ni ìrètí pé ara wọn á bára mu pátápátá, kí ara ẹ̀gbọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ àbúrò, àti pé bí ọmọ tuntun náà bá jẹ́ SS, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní wúlò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún mi pé irú ètò báyìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ní oṣù kẹwàá ọdún 1988, nílé ìwòsàn Saint-Louis ní Paris, Éliane Gluckman àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọbìnrin tuntun kan wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 5 tó ní àìsàn Fanconi, èyí tí kì í jẹ́ kí mùdùnmúdùn eegun lè pèsè ẹ̀jẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n dì í, wọ́n sì gbé e lọ sí Paris. Ara ọmọ náà yá.

Dókítà kọ lẹ́tà sí ibi tí mo ti fẹ́ bímọ. Lọ́jọ́ ìrọbí, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ka lẹ́tà, ó ní òun máa gé ìwọ́ bí ọmọ bá ṣe ń bọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ nínú àpò. Agbẹ̀bí kejì ní, "Rárá o, ọmọ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ yẹn." Wọ́n gbé ọmọ lé mi láyà, ó ń ké, a dúró ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó di ìwọ́, wọ́n gé e, wọ́n nu èyí tó kù pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan rẹ̀, wọ́n sì gbé àpò sísàlẹ̀ ibùsùn. Ẹ̀jẹ̀ ń sàn fúnra rẹ̀. Agbẹ̀bí yẹn ń fọwọ́ mi àpò náà síwá sẹ́yìn, kò sinmi. Mo ń wo ìwọ́ náà bó ṣe ń funfun, tó ń rọ̀.

Nígbà tí èsì dé, àbúrò jẹ́ AS, ṣùgbọ́n ara wọn ò bára mu. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní pa á mọ́. Síbẹ̀ mo dúpẹ́ pé ẹnì kan bi mí. Bí kì í bá ṣe dókítà àkọ́bí mi ni, a ò bá má mọ̀ rárá.

Ará Láàbù

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí Ọlọ́run wo àkọ́bí yín sàn. Agbẹ̀bí tó ń mi àpò yẹn mọṣẹ́. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà nínú àpò náà, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá mì í, kò ní dé ibi gbogbo. A máa ń gba àpò tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti dì bí ẹ̀dọ̀. Kò sóhun tá a lè fi ṣe mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo àpò ló tó ìtọ́jú. Iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀ la máa ń kà, a ó sì fi wé ìwọ̀n ẹni tó máa gbà á. Àpò kan lè tó ọmọdé. Kì í sábà tó àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fi tọrẹ fún báǹkì gbogbogbòò, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá nílò rẹ̀, ni wọn kì í tọ́jú, torí pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré.

Òótọ́ ni pé bí wọ́n bá dúró kí wọ́n tó di ìwọ́, èyí tó máa wọnú àpò á dín kù. Síbẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má di ìwọ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà náà sì ní kí wọ́n má torí gbígba ẹ̀jẹ̀ yí àkókò yẹn padà. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo ń rí àpò tó fúyẹ́.

Bàbá Tuntun

Tèmi ò gùn. Dókítà wa fúnra rẹ̀ ló sọ, ká tó béèrè, pé ilé iṣẹ́ náà máa ń fún òun lówó bí òun bá bá wọn gba ẹ̀jẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ ká lọ bi ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ìwé wọn ní ẹ̀jẹ̀ náà ń wo autism, ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọdé. Ó ní wọ́n ṣì ń ṣèwádìí lórí ìyẹn, kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ń wò ó. Ó tún ṣàlàyé pé bí a bá fi tọrẹ fún báǹkì gbogbogbòò, a ò ní san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ tiwa mọ́, ẹni tó bá bá lára mu níbikíbi ni wọ́n máa fún. Kò sí àrùn ẹ̀jẹ̀ nínú ẹbí wa, a fi tọrẹ.

Agbẹ̀bí Àgbà

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ọmọ Méjì, mo ka tiyín fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. A ti fi ìbéèrè kan kún èyí tá à ń bi aboyún lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá: "Ṣé ọmọ kan wà nílé tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀?" Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó kọ̀wé sí dókítà ẹ̀jẹ̀ ní kíákíá, kí oṣù tó wọlé tán. Ará Láàbù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú yìnyín la máa gbé àpò náà sí bá a bá ti gbà á tán?

Ará Láàbù

Ẹ má jẹ́ kó kan yìnyín rárá mà. Inú àpótí tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ìyá, ọjọ́ àti aago tí ẹ gbà á, kí ẹ sì fi ẹ̀jẹ̀ ìyá díẹ̀ sínú ìgò kékeré tẹ̀ lé e, torí a gbọ́dọ̀ yẹ HIV àti àrùn mẹ̀dọ̀wú wò. Kí wákàtí 48 tó pé, ó yẹ kí a ti ṣe é tán kó sì ti wọnú naitrojìn olómi, èyí tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Bí ìbímọ bá bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ ti pè wá sílẹ̀ ṣáájú.